Ọ̀pá wo, lídà wo? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ fi spinning pa túnà ní Cape Cod

Ìbéèrè tí àwọn ará wa tó ń gbé apá Boston àti Rhode Island máa ń bi mí jù ni pé "Bọ̀dá, ọ̀pá wo ni kí n rà fún túnà?" Èmi náà á bi wọ́n pé lídà wo, ìyẹn okùn kúkúrú tó máa ń wà níwájú ìwọ̀, lo fẹ́ so mọ́ ọn ná, wọ́n á wá dákẹ́, wọ́n á rò pé mi ò fẹ́ dáhùn ni. Mo fẹ́ dáhùn o. Ọdún méje rèé tí mo ti ń bá bóòtì jáde láti Green Harbor àti Plymouth lọ sí Stellwagen, ibi tí ilẹ̀ abẹ́ òkun ti ga sókè nítòsí Cape Cod, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni pé ẹja tó bá já mọ́ èèyàn lọ́wọ́ kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ọ̀pá, ibi kókó ló ti ń já, àbí ibi tí lídà ti họ mọ́ nǹkan. Síbẹ̀ ọ̀pá là ń náwó lé, ọ̀pá là ń ya fọ́tò ẹ̀, lídà tó jẹ́ owó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ la máa ń fi ìkánjú ta láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ jáde, nínú òkùnkùn, tí kápúténì ti ń tan ẹ́ńjìnnì. Torí náà, ìdí okùn ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra yìí, màá wá máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tá a fi máa dé ọwọ́: ẹja, lídà, kókó, ká tó wá kan ọ̀pá.

Ẹja ná

Túnà tí wọ́n ń pè ní bluefin là ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí, èyí tó máa ń wá sí omi Massachusetts láti bí oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹwàá nítorí oúnjẹ. Títù wà níbẹ̀, ṣáwá wà níbẹ̀, squid wà, àwọn ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì tún wà tí wọ́n ń pè ní sand eel, inú yanrìn ni wọ́n ń sá pamọ́ sí, orí Stellwagen Bank sì jẹ́ ibùgbé wọn. Àwọn yẹn náà ló ń fa àbùùbùtán wá síbẹ̀. Tí ẹ bá rí i tí àbùùbùtán la ẹnu gbàgà lójú omi tí ẹyẹ sì ń ya lé e lórí, ẹ dúró jìnnà sí i bí òfin ṣe wí, àmọ́ ẹ fojú sí etí ibẹ̀ dáadáa, túnà lè wà lábẹ́ wọn.

Ọkọ̀ tí ẹ máa bá lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ HMS (ti àwọn ẹja tó ń rìn jìnnà) láti ọwọ́ NOAA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkun. Wọ́n máa ń wọn ẹja náà láti ẹnu dé ibi tí ìrù ti pín sí méjì, wọ́n á tẹ tépù náà lé ara ẹja lórí kó bá ara ẹ̀ tẹ̀. Láti ínṣì 27 títí dé abẹ́ 47 ni wọ́n ń pè ní school, 47 dé abẹ́ 59 ni large school, 59 dé abẹ́ 73 ni small medium, tó bá ti wọ 73 ó ti di ẹja àgbà nìyẹn, òfin ẹ̀ yàtọ̀. Iye tí ọkọ̀ kan lè mú lójúmọ́ máa ń yí padà láàárín ọdún kan náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, tí ẹ bá sì gbé ọ̀kan wálé ẹ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí láàárín wákàtí 24. Ẹni tó gba àṣẹ Angling, ìyẹn ti ẹni tó ń pẹja fún ìgbádùn, kò gbọdọ̀ tà á o, kódà fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ní buka.

Ìdí tí mo fi ń ka ínṣì sílẹ̀ báyìí ni pé ínṣì ló ń sọ ìwúwo. Ẹja ínṣì 47 á tó bíi páùn 66, ti 59 á tó bíi 135, ti 73 á lé ní 230. Spinning, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń ju ẹja ayédèrú tí a sì ń ká a bọ̀, lè kápá gbogbo wọn tí ìmúra bá pé. Bluefin tó tóbi jù tí wọ́n tíì fi ọ̀pá mú, ní Nova Scotia lọ́dún 1979, páùn 1,496 ló wọ̀n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ọ̀pá spinning kó ní ó wà fún irú ìyẹn.

Nǹkan kan tún wà nípa ara ẹ̀ tó kan ohun tí ẹ máa rà. Ara túnà gbóná ju omi tó yí i ká lọ, ó sì gbọ́dọ̀ máa wẹ̀ lọ síwájú kó tó lè mí, omi ní láti máa gba ẹnu ẹ̀ wọlé kó gba abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ jáde, kò lè dúró sójú kan sinmi bí ẹja adágún. Ẹja tí ẹ fi ọ̀pá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fà fún wákàtí méjì, kódà tí ẹ bá tú u sílẹ̀ tó sì lọ, ó lè má yè é. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé okùn fẹ́lẹ́ ló ń fi akọni hàn. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ lo ohun tó máa gbé e wá sétí ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 40, kí ara ẹ̀ ṣì le tí ẹ bá fẹ́ tú u, kí ẹran ẹ̀ sì dáa tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Fluoro àti mónò

Lídà ni okùn tó wà láàárín bréèdì, ìyẹn okùn gígùn tí wọ́n hun, àti ìwọ̀. Bréèdì lágbára, ó tín-ín-rín, kì í nà, ṣùgbọ́n tó bá le gan-gan tó wá fara kan ìrù túnà tàbí ìdí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán. Lídà ló ń gba ìyà yẹn. Oríṣi méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù: mónò, ìyẹn okùn náílọ́ọ̀nù ìpẹja tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, àti fluorocarbon tí gbogbo èèyàn ń gé kúrú sí fluoro.

Ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ tó bá gba inú wọn kọjá. Nọ́ńbà ti omi jẹ́ 1.33, ti fluoro 1.42, ti náílọ́ọ̀nù bíi 1.53. Bí nọ́ńbà okùn bá ṣe sún mọ́ ti omi tó ni yóò ṣe ṣòro rí tó. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé ẹja kì í rí fluoro rárá, ìyẹn ti pọ̀ jù, àmọ́ ó fara sin ju mónò lọ, túnà sì jẹ́ ẹja tó ń fi ojú ṣọdẹ. Fluoro tún wúwo, tí omi bá jẹ́ 1 fluoro jẹ́ 1.78, náílọ́ọ̀nù jẹ́ 1.14, nítorí náà fluoro ń rì kíá, mónò ń rì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ara fluoro le, kì í tètè họ, kì í mu omi. Mónò ń mu omi, tó bá sì mu ún tó, agbára ẹ̀ á dín díẹ̀.

Ẹ má wá rò pé mónò ò wúlò. Mónò ń nà, fluoro ò nà tó o, tí ẹja bá ṣàdédé gbé popper (ẹja ayédèrú tó ń tu omi) lẹ́bàá ọkọ̀ tí okùn tó wà níta ò ju yáàdì mẹ́wàá lọ, nínà yẹn ló máa gba ẹnu ẹja sílẹ̀ kí ìwọ̀ má fà á ya. Kókó tún máa ń tètè jókòó lára mónò, fluoro nípọn ara, tí ẹ ò bá fi itọ́ tu ú lára kí ẹ tó fún un pọ̀, ó máa jóná níbi kókó, ẹ ò sì ní mọ̀. Owó mónò kéré. Èyí tó sì jà fún mi jù: popper tó yẹ kó léfòó, tí ẹ bá so fluoro tó nípọn mọ́ ọn, ńṣe ni fluoro máa fa imú ẹ̀ sísàlẹ̀, kò ní tu omi dáadáa mọ́.

Torí náà bí èmi ṣe ń pín in rèé. Ẹja ayédèrú tó ń léfòó, popper àti stickbait orí omi, mónò páùn 100 (ìyẹn ìwúwo tó lè gbà kó tó já) ni. Èyí tó ń rì, stickbait tó wúwo, ẹja rọ́bà tó gùn bíi sand eel, fluoro páùn 80. Tí wọ́n bá ní ẹyọ róòlù kan ṣoṣo ni mo lè gbé dání, fluoro 80 ni màá gbé, màá sì fi gbogbo ẹ̀ ṣe é.

Ti páùn náà ńkọ́? 60 máa ń jẹ́ kí ẹja gbé e sí i lọ́jọ́ tí omi bá mọ́ tó sì dúró jẹ́ẹ́. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn Race Point, ní ìpẹ̀kun Cape Cod, omi dúró bíi dígí, àwa mẹ́ta là ń jù, èmi lo mónò 100, a ń rí ẹja yẹn kedere, wọ́n á tẹ̀ lé e dé ìwọ̀n apá méjì sí ọkọ̀, wọ́n á wá fi ẹ̀gbẹ́ yí padà, ẹ á rí ẹ̀yìn wọn tó dúdú bíi aró tó ń kọ mànà. Àbúrò kan tó lo fluoro 60 ló kọ́kọ́ gbá ọ̀kan mú, ó tún gbá èkejì. Mo já mónò kúrò, mo ta fluoro 60, ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo jù ú ni ẹja gbé e. Láti ọjọ́ náà, mi ò kúrò nílé láìsí 60 nínú àpò. Ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ tí ojú omi dàrú, tàbí oòrùn ti ń wọ̀, kò sídìí fún 60, 80 àti 100 máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. 130 ò wúlò fún jíjù rárá, kókó ẹ̀ á tóbi jù.

Àwọn kan máa ń béèrè wáyà. Eyín túnà kéré, kò sídìí fún wáyà. Bluefish ni eyín ẹ̀ mú níbí, tí wọ́n bá wà lágbègbè wọ́n á gé lídà yín, ẹ kàn ta òmíràn tàbí kí ẹ kúrò níbẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó?

Ibí yìí ni ọ̀pá àti lídà ti kọ́kọ́ pàdé, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tí ọ̀pá yín bá jẹ́ fíìtì 7 àtààbọ̀, láti orí ọ̀pá dé ríìlì tí a ń ká okùn sí máa tó bíi fíìtì 5 àtààbọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ jù, ẹja ayédèrú á rọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀pá bíi fíìtì 2 àtààbọ̀. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 8. Lídà fíìtì 2 péré, kókó á wà níta, kò ní wọ òrùka ọ̀pá kankan, jíjù ẹ̀ dùn, àmọ́ ó kúrú jù, tí ẹja bá yí padà ìrù ẹ̀ á máa gbá bréèdì. Lídà fíìtì 6, kókó á wà láàárín òrùka nígbà tí ẹ bá fẹ́ jù, kò ní dé inú ríìlì, kò sì ní wà lábẹ́ ìka yín. Lídà fíìtì 15, kókó ti wọ inú ríìlì nìyẹn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá jù ú ó máa jáde lórí spool (ibi tí okùn ká sí lára ríìlì) pẹ̀lú ipá, ó máa gbá òrùka àkọ́kọ́, tí kókó náà ò bá tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa ó máa fi nǹkan jẹ yín.

Fíìtì 6 ni mo fara mọ́ fún jíjù. Fíìtì 15 wà fún ẹni tó ń sọ irin jig sísàlẹ̀ tí kò jù ú síwájú, ó dáa níbẹ̀ torí ẹni tó máa di okùn mú létí ọkọ̀ á rí ohun tó máa dì.

Kókó

Mo máa dúró díẹ̀ níbí torí ibí ló ti dùn mí jù.

Ọdún àkọ́kọ́ mi, double uni ni mo mọ̀ ọ́n ta, bí gbogbo wa ṣe ń ta á fún striped bass. Ó rọrùn, ìṣẹ́jú méjì ó ti tán, bréèdì 80 àti fluoro 80. Àmọ́ kókó yẹn tóbi bí èkùrọ́ kékeré, gbogbo ìgbà tí mo bá jù ú mo máa ń gbọ́ ọ lórí òrùka, tàk-tàk-tàk, mo rò pé bó ṣe yẹ kó dún nìyẹn. Ọ̀sán ni ẹja gbé e, ó fa okùn bíi yáàdì ọgọ́rùn-ún kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pá tẹ̀, ríìlì ń ké, lójijì gbogbo ẹ̀ dẹ̀. Mo ká okùn wálé, mo wo ìdí bréèdì, ó ká kọ́lọkọ̀lọ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí àmì yẹn: tí ìdí okùn bá ká bẹ́ẹ̀, kò já o, kókó ló yọ̀. Tó bá já bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, nǹkan ló gé e. Tó bá rí wúruwùru bí òwú, ó ti ń họ tipẹ́. Ìdí okùn máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín tí ẹ bá wò ó dáadáa. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ bí ó ṣe dùn mí tó, ẹja ń lọ pẹ̀lú ìwọ̀ lẹ́nu nítorí kókó tí èmi ta.

FG ni mo kọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kókó yìí, fluoro kì í tẹ̀ nínú ẹ̀ rárá, gbọnrangandan ló máa dúró, bréèdì ló máa wé e lókè nísàlẹ̀, lókè nísàlẹ̀, bí ẹni ń di irun ṣùkú, bíi ogún ìgbà, kí ẹ tó wá fi bréèdì kan náà so ó pa. Ohun tó ń mú un dúró ni pé bí ẹ bá ṣe ń fà á ni bréèdì ń fún ara lídà mọ́lẹ̀ sí i. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbà nìyí: ẹ wọ gílọ́ọ̀fù, ẹ tutọ́ sí i, ẹ fa ìdí méjèèjì pẹ̀lú gbogbo agbára, ẹ máa rí i tí àwọ̀ bréèdì máa yí padà lójú yín, á ṣókùnkùn, ẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí lídà nínú ẹ̀. Tí àwọ̀ yẹn ò bá yí padà, ẹ tú u ká, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Lẹ́yìn náà ẹ gé ìdí lídà tó yọ sẹ́yìn mọ́ ara ẹ̀ pátápátá, ẹ fi ìka ra á, kò gbọdọ̀ gún yín.

Kókó PR lágbára bíi FG, àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ jù, àmọ́ ó nílò irin ìwékókó tó ń yí po, kò rọrùn lórí ọkọ̀ tó ń mì. Ọ̀nà kẹta ni lídà tí wọ́n ti fi bréèdì oníhò sínú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí lídà wọ inú bréèdì bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ kàn máa kó ojú okùn sínú ojú okùn ni. Ó dáa fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì gba FG, ó sì yára láti pààrọ̀ nígbà tí ẹja bá ń jẹ lọ́tùn-ún lósì. Àléébù ẹ̀ ni pé ó wọ́n, ojú tí ẹ kó sínú ara wọn yẹn sì nípọn lórí òrùka ju FG lọ.

Tí mo bá tò wọ́n fún jíjù: FG, PR, oníhò, double uni kẹ́yìn, tí wọn ò bá sì fi ipá mú mi mi ò ní lò ó fún túnà mọ́ láé.

Ní ìdí kejì, níbi ẹja ayédèrú, ẹ má so lídà mọ́ òrùka tó ṣí tààrà, ojú òrùka yẹn á gé e. Ẹ so ó mọ́ òrùka tó pa pọ̀, kí òrùka tó pa pọ̀ wá kọ́ èyí tó ṣí. Títí dé 100, kókó uni tàbí San Diego jam á gbé e. Tó bá ti di 130, ẹ lo páìpù irin kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ okùn, kókó ò ní fún mọ́.

Ó wá kan ọ̀pá

Báyìí ẹ ti mọ lídà yín. Lídà ló ń pàṣẹ fún dírágì (bíréèkì ríìlì, tó ń sọ iye páùn tí ẹja gbọ́dọ̀ fi fà kí okùn tó jáde), dírágì ló ń pàṣẹ fún ọ̀pá, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyẹn tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìlànà tí gbogbo wa ń lò ni pé kí dírágì jẹ́ ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta okùn tó rọ jù láàárín gbogbo ohun tí ẹ so. Lídà 60, dírágì 15 ẹ bẹ̀rẹ̀. Lídà 80 lórí bréèdì 80, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 20, ẹ lè sún un dé 25 tó bá kù díẹ̀. Ọ̀pá tí ẹ fẹ́ rà gbọ́dọ̀ tẹ̀ dáadáa lábẹ́ páùn yẹn. Tó bá le jù, kò ní tẹ̀, ìwọ̀ á máa fa ẹnu ẹja ya. Tó bá rọ̀ jù, ó máa tẹ̀ dé ìdí kí agbára kankan tó dé ara ẹja.

Nọ́ńbà PE tó wà lára ọ̀pá, ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan ló ti wá, ó ń sọ bí bréèdì tó bá a mu ṣe nípọn tó. PE 6 wà fún bréèdì bíi 60, PE 8 fún bíi 80 sí 100. Ẹ máa rí PE 10 náà, ẹni tó lágbára lẹ́yìn ló ni ín.

Gígùn ni àwọn èèyàn máa ń ṣì yàn jù. Wọ́n rò pé gígùn ni agbára. Ẹ rò ó bí garawa omi: tí ẹ bá gbé e mọ́ra, ẹ lè gbé e rìn; tí ẹ bá fi kọ́ orí igi gígùn tí ẹ wá di ìdí igi mú, ọrùn ọwọ́ yín á gbọ̀n. Páùn 20 ní orí ọ̀pá tó jìnnà fíìtì 6 sọ́wọ́ yín, ipá tó ń yí ọwọ́ yín jẹ́ ìgbà mẹ́fà ti ìgbà tó bá jìnnà fíìtì 1 péré. Tí ọ̀pá bá tẹ̀ tí orí ẹ̀ sún mọ́ yín dé fíìtì 4, ó ti dín nìyẹn. Ẹja ló ń jàǹfààní ọ̀pá gígùn, ẹ̀yìn yín ló ń san án. Àmọ́ ọ̀pá gígùn ló ń jù jìnnà, túnà sì máa ń sá fún ọkọ̀. Ìfàmọ́ra méjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀pá.

Fíìtì 8 PE 6: ó ń jù bí ẹni yìnbọn, ẹja ayédèrú gíráàmù 40 á lọ jìnnà, ó bá fluoro 60 mu rẹ́gí. Ẹja páùn 60 sí 80, ó dára gan-an. Tí ẹja páùn 150 bá wá gbé e tó sì wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ máa pẹ́ níbẹ̀.

Fíìtì 7 àtààbọ̀ PE 8: kò jù jìnnà tó fíìtì 8 ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i, ẹja ayédèrú gíráàmù 60 sí 120 ló dùn mọ́ ọn. Ìdí ẹ̀ nípọn, àárín ẹ̀ lágbára láti gbé ẹja dìde. Èyí ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, òun ni mo máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan ṣoṣo.

Fíìtì 6 tàbí kó dín díẹ̀, ọ̀pá jig PE 8: jíjù ò sí nínú ẹ̀, àmọ́ tí ẹja bá wà ní ìsàlẹ̀ omi tí kápúténì ń rí i lórí sónà, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀, ẹ̀yìn yín ò ní ro yín bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é: kábọ́ọ̀nù fúyẹ́, ẹ máa jù ú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kó má rẹ̀ yín, àmọ́ kò fẹ́ràn kí ẹ gbé e dúró ṣánṣán. Fáíbà wúwo, ó rọ̀, ó ń dárí jini. Àwọn tó dà wọ́n pọ̀ ló dáa jù fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Mo ti fọ́ ọ̀pá kábọ́ọ̀nù kan rí, ẹja ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìdùnnú mú mi gbé ọ̀pá náà sókè ṣáá kí n lè rí i, ó kàn ró pàù! ní ìdá mẹ́ta orí ẹ̀. Ọ̀pá yẹn dáa, bí mo ṣe gbé e ni kò dáa, torí tí ẹ bá gbé e dúró báyẹn orí ẹ̀ tó tín-ín-rín nìkan ló ń gba gbogbo ìwúwo. Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ díẹ̀, kó má kọjá ìdajì láàárín omi àti òkè, ìdí ẹ̀ tó nípọn á wá ṣiṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é.

Ríìlì díẹ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ má fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan wé ti ìkejì, 10500 ti Penn àti 18000 ti Shimano kì í ṣe pé ìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìkejì, òǹkà tiwọn yàtọ̀ ni. Ẹ béèrè pé yáàdì mélòó bréèdì 80 ló máa gbà: 300 ni ó kéré jù, 400 ló ń fọkàn balẹ̀. Ẹ kún un dé etí. Ìdí ni pé tí okùn bá jáde tí èyí tó kù lórí spool wá tín-ín-rín, dírágì á máa le sí i fúnra ẹ̀. Tí fífẹ̀ ẹ̀ bá dín sí ìdajì, 20 tí ẹ fi sílẹ̀ láàárọ̀ ti di 40 láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ẹja ló ti já nípa bẹ́ẹ̀, tí èèyàn á máa sọ pé okùn ò dáa. Tí ẹja bá ti kó okùn púpọ̀ lọ, ẹ dẹ dírágì díẹ̀. Tí owó bá sì kéré, ẹ fi èyí tó pọ̀ jù sórí ríìlì, ẹ ra ọ̀pá tó mọ níwọ̀n.

Tí mo bá kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Fún omi tó dákẹ́ àti ẹja school: ọ̀pá fíìtì 8 PE 6, ríìlì 14000 (òǹkà Shimano ni mo ń lò níbí), bréèdì 65, fluoro 60 fíìtì 6, FG, dírágì 15.

Fún gbogbo ọjọ́, ẹja tó bá wá kó wá: fíìtì 7 àtààbọ̀ PE 8, ríìlì 18000, bréèdì 80, fluoro 80 fíìtì 6 (mónò 100 tó bá jẹ́ popper), FG, dírágì 20.

Fún ìsàlẹ̀ omi: fíìtì 6 PE 8, ríìlì 18000 tàbí 20000, bréèdì 100, fluoro 100 tàbí 130 fíìtì 15, FG tàbí oníhò, dírágì 25.

Ẹni tó ń lọ Èkó fún ìsinmi tó sì rí ọkọ̀ tó máa gbé e wọ òkun jíjìn, yellowfin wà nínú omi wa níbẹ̀, ìmúra kejì yẹn náà ló máa gbé lọ, kó kàn mú lídà sí i dání.

Tí ẹ bá ń jáde ní Sátidé, ẹ ta FG yín ní Ọjọ́bọ̀, nínú ilé, lábẹ́ iná, ẹ ta márùn-ún kí ẹ sì ká wọn mọ́ páálí. Tí ẹja bá ti gbé e, lẹ́yìn gbogbo ìjà, ẹ máa gbọ́ ohùn kékeré kan lórí ọ̀pá, tík, ìyẹn ni pé kókó ti wọ òrùka tó wà lórí ọ̀pá ní ṣóńṣó, ẹja ò jù fíìtì 6 sí orí ọ̀pá yín mọ́. Ẹ pariwo "lídà!" kí ẹni tó wọ gílọ́ọ̀fù mọ̀. Kó di okùn náà mú pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, kó má wé e mọ́ ọwọ́ láé, torí ẹja yẹn ṣì lè sáré lẹ́ẹ̀kan sí i, tó bá sì sáré, ó gbọ́dọ̀ lè jọ̀wọ́ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.